Kápúténì Tó Há Ítálì Sórí

"Ní ọdún 1974," ni Jésùtófúnmi wí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá àgbà tó fẹ́ kéde ìsinmi, "àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà kan ló dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá Kasitẹlúnà sílẹ̀ ní Ítálì. Inú ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà..."

"Kápúténì, oòrùn ń pa wá," ni Níyì tó jẹ́ gólí sọ.

"...wọn ò sì kun ilé ìkẹ́rùsí náà títí di 1981."

"A gbọ́ ọ lánàá," ni Táíwò fèsì. "A gbọ́ ọ níjẹta. Ṣé a lè ju bọ́ọ̀lù báyìí?"

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ilé ẹ̀kọ́ girama wọn ní Ṣàgámù kojú àwọn ará Ìsarà nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò lọ ṣojú Rẹ́mọ ní Abẹ́òkúta. Ẹni méje ló ń gbá a ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn méje yìí sì nílò ìdánrawò ju ìtàn lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Jésùtófúnmi Ògúnṣínà ti rí ẹgbẹ́ Kasitẹlúnà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbádùn mọ́. Ó mọ orúkọ kóòṣì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí wọ́n ti ní. Ó mọ̀ pé ọmọ Ítálì mọ́kànlá, ará Kùróéṣíà méjì àti ará Ajẹntínà kan ló wà nínú ẹgbẹ́ náà lónìí. Ó ti pín orúkọ wọn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, débi pé Táíwò, tí kò tíì kọjá Ìbàdàn rí, ti di ará Ajẹntínà láìgba ìwé ìrìnnà. Jésùtófúnmi fúnra rẹ̀ ni Rondélì, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún.

Nínú àwọn méje náà, Hussain nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Yúnúsà, ń ta obì ní Sábó. Nílé wọn, ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì na obì sí oníbàárà ti lé oníbàárà náà lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá Hussain. Láti kékeré ló ti ń fi ọ̀tún ṣe ohun gbogbo níta, ó sì ń fi ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń da omi àwo nù.

Lọ́jọ́ náà, inú bí òun náà. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ta kàn án lápá òsì, ó fi òsì gbá a mú, ó sì sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n kí Níyì tó gbé ọwọ́.

"Ẹ dúró!" ni Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, tíṣà eré ìdárayá, pariwo. "Hussain, tún un jù."

Ó jù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Góòlù mẹ́ta.

"Jésùtófúnmi, apá ọ̀tún ni kó o fi ọmọ yìí sí. Ọlọ́wọ́ òsì tó bá dúró síbẹ̀, gbogbo ojú ilé ló ń rí. Ìwọ tó o jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kọ̀rọ̀ lo há sí níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ipò Rondélì nìyẹn."

"Ta ni Rondélì?"

"Sà, ẹ má bi í!" ni gbogbo wọn ké pa pọ̀.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni kápúténì, ìwọ lo máa pín ipò. Lọ rò ó dáadáa."

Jésùtófúnmi lọ rò ó. Nígbà tó délé, ó ṣí ojú ìwé ẹgbẹ́ náà lórí fóònù, ó sì ka ìlà kan tó ti ń fò kọjá: Rondélì, apá ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa fóònù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Hussain sẹ́yìn kíláàsì.

"Ṣé Àlàájì ń bọ̀ wá wòran?"

"Wọ́n ń bọ̀. Àwọn oníbàárà wọn láti Kánò náà ń bọ̀."

"Háà! Lójú àwọn tó ń gba obì lọ́wọ́ yín lo ti fẹ́ máa ju òsì sókè? Ojú á ti Àlàájì o. Èmi kàn ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni."

Hussain wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ó jalè. "Màá fi ọ̀tún jù ú," ló sọ. "Ọdún tí mo máa lò kẹ́yìn nílé ìwé nìyí. Ìwọ lo ń pín ipò, mi ò sì fẹ́ jókòó sí bẹ́ǹṣì."

Lọ́jọ́ ìdíje, Rondélì ti Ṣàgámù ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láti apá ọ̀tún. Méjì ló wọlé. Gólí Ìsarà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó jù ú rárá. Hussain ń fi ọ̀tún jù, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń rọra balẹ̀ bí ọsàn tó já bọ́ láti inú àpò. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, àmì ayò jẹ́ mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Jésùtófúnmi.

"Fún Táíwò!" ni Níyì ń kígbe láti ojú ilé. "Jọ̀ọ́, fún un!"

Ó jù ú fúnra rẹ̀. Gólí mú un. Àwọn ará Ìsarà sáré, wọ́n sì jù ú wọlé. Ó parí.

Àlàájì Yúnúsà wọ orí pápá. "Hussain, ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí wá nìyẹn? Òsì lo fi ń sọ òkò sí máńgòrò wa, kì í sí èyí tí kì í já bọ́."

"Mo rò pé... ojú máa tì yín lójú àwọn oníbàárà."

Àlàájì wo àwọn ará Kánò, tí inú ń bí àwọn náà torí góòlù tó ṣòfò. "Obì ni mo ní kó o má fi òsì nà séèyàn. Èwo ni ti bọ́ọ̀lù? Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Hussain kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Jésùtófúnmi bọ́ síwájú.

"Èmi ni, sà," ló sọ. "Mo mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni Rondélì. Mo kà á."

Níyì yíjú sí i. "O mọ̀? Ọdún tí wọ́n kun ilé ìkẹ́rùsí lo kọ́ wa fún odindi ọ̀sẹ̀, èyí kan ṣoṣo tó wúlò lo wá gbé mì?"

Jésùtófúnmi dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì. Ó bẹ tíṣà. Lẹ́nu géètì, ó bẹ Hussain.

"Mo ti gbọ́," ni Hussain dáhùn. "Lọ́dún tó ń bọ̀, wàá tún gbá a. Èmi ńkọ́?"



Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mímọ ìtàn àwọn ẹni ńlá kì í sọ èèyàn di ẹni ńlá. Ẹni tó bá sì fi ìtìjú bo ẹ̀bùn ọmọnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí tirẹ̀ lè hàn, àwọn méjèèjì ni yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣẹ̀ rárá ló sábà máa ń pàdánù jù.