Ètò Ìtọ́jú Tí Corinne Dá Nìkan Jẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Corinne Zupan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ely, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ó bá àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀ ojú omi tuntun tó wà fún títà. Igi ìgbálẹ̀ ni bàbá náà fi ń wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Toivo ni, bàbá Orrin, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń rán àwọn àpò tí arìnrìn-àjò fi ń kẹ́rù sínú ọkọ̀. Ìyè bàbá náà ti ra.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ẹ rí ẹja pa?"

"Níbo? Ariwo yín ti lé gbogbo wọn sá!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, àfi Orrin.

"Ọ̀gá, ọjọ́ Ẹtì ni màá ṣiṣẹ́ mọ. Obìnrin tó ń bá mi wo Bàbá ti kó lọ sí Duluth. Apá mi ò ká owó ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, n ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ nílé pẹ̀lú sítóòfù."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Corinne. Àpò Orrin ni àwọn oníbàárà ń wá kiri, ẹ̀ẹ̀rùn tí ọjà máa ń yá sì ti dé tán. Ó gba ẹ̀yìn lọ bá Bernadine, oníṣirò owó rẹ̀, tó ń mu kọfí lórí iṣẹ́, ó sì ro ẹjọ́ fún un.

Bernadine gbé ife sílẹ̀. "Ètò tí ṣọ́ọ̀bù fi ń san owó ìtọ́jú ará ilé òṣìṣẹ́, tí ìjọba kì í gba owó orí lórí rẹ̀, ta ló ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ?"

"Èmi nìkan ni mo lọ́mọ kékeré níbí."

"Ṣé o sọ fún wọn pé ó wà?"

"Kí ni màá sọ fún ẹni tí ò lọ́mọ?"

Bernadine nawọ́ sí ọkọ̀ tí bàbá náà wà. "Ìyẹn ńkọ́?"

Corinne yíjú wo Bàbá Toivo.

"Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá wà nínú ètò náà," ni Bernadine wí. "Òbí tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bó bá ń bá òṣìṣẹ́ gbé, tí òṣìṣẹ́ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, tí ìtọ́jú náà sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ráyè wá síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìpín onílé-iṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tí ètò náà ná lọ́dún. Ìwọ gbé gbogbo rẹ̀!"

"Mo gbé! Owó tí mò ń fún Brynn kó máa wo àbúrò rẹ̀ ńkọ́?"

"Brynn ọmọ rẹ, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún?" Kọfí tí Bernadine tún gbé sẹ́nu fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Owó tí o san fún ọmọ rẹ tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún? Kò sí níbẹ̀ rárá! Ká ní ìyá rẹ lo ń sanwó náà fún ni, ì bá ṣeé ṣe, bí kì í bá ṣe ìwọ lò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀."

"Kí ni ṣíṣe báyìí?"

"Wàá san owó orí lórí owó tí o gbà nínú ètò náà lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí, kéde rẹ̀ fún gbogbo wọn, kí o sì dín tìẹ kù."

Corinne pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Tess tó ń gbowó fi nawọ́: ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ ló ń tọ́.

"Tess! O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, ọ̀gá."

Corinne san owó orí náà, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n Orrin kò lọ mọ́. Láràárọ̀, ọkọ̀ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, tí ètò náà ń san owó rẹ̀, máa ń wá gbé Bàbá Toivo lọ dìrọ̀lẹ́, bàbá náà kì í sì í wọ̀ ọ́ àfi bí awakọ̀ bá búra pé ẹja ń bẹ níbi tí wọ́n ń lọ.

Ìwọ tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń gbèrò irú ètò yìí, kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Wádìí òfin lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí iye owó tó fàyè gbà lè yí padà. Pabanbarì rẹ̀, béèrè ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ ń tọ́jú nílé. Má dúró dìgbà tó bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù.