Iṣu Tuntun Nínú Yàrá Àwọn Eku Funfun

Kùrukùru ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó ti bo ìdajì ilé ìwádìí mọ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n bá Jọmílójú nílẹ̀. Ará Òkè-Bùkún ni ọmọbìnrin náà. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ìmọ̀ oúnjẹ aṣaralóore ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kábà. Ó sùn gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Àwo iṣu tuntun sísè àti epo pupa wà lórí tábìlì, a ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Epo wà ní ètè rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń ronú kí ó tó mí.

Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Rhoda Ọbayẹmí tó dé. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú àwọn àgò onírin tí ó wà lẹ́bàá ògiri, àwọn eku funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ń rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni wọ́n fi ń rìn. Ṣe ni wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀ bí ẹni tí ń wọ́ aṣọ tí omi rin. Kò sí èyí tí ó ké nínú wọn. Bí Rhoda ti wọlé, gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kọjú sí i. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí òkú kò ti bà á lẹ́rù mọ́, síbẹ̀ ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn àgò náà kí ó tó lè ronú.

Dókítà Olúbọ̀dé pè é láti ilé ìwòsàn.

“Màdáàmù, oró ni. Bí ó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò ni ó wà lára iṣu yẹn, mo ní ohun tí n ó fi bá a jà. Bí ó bá jẹ́ oró mìíràn, oògùn ọ̀tọ̀ ni. Bí mo bá fún un ní èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, mo ti pa á nìyẹn. Ẹ bá mi wá ohun tí ó jẹ, kí ẹ sì yára.”

Rhoda wo tábìlì náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó rí àmì róbótó tí ìdí ife rírin fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ife níbẹ̀. Ó wo orí pẹpẹ tí wọ́n ń da ife dé sí. Gbogbo wọn gbẹ, àfi ẹyọ kan. Ó gbé e sí imú. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, síbẹ̀ òórùn atalẹ̀ kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Ẹni méjì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ wọn yàtọ̀ sí Jọmílójú. Ó kọ́kọ́ pe Tabitha, ọmọ Mọpà, tí ń ka ìmọ̀ ìlera. Tabitha ṣàlàyé pé ìjà wà nínú iṣẹ́ ìwádìí wọn. Ernest, tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò, ti fi òǹkà rẹ̀ sọ pé kò yẹ kí ẹ̀gẹ́ kíkorò pẹ́ nínú omi bí àwọn ìyá ṣe ń rẹ ẹ́ kí ó tó di láfún. Wọn yóò pín láfún aláyára yìí fún àwọn abiyamọ abúlé. Jọmílójú fi í bọ́ àwọn eku, ẹsẹ̀ wọn sì rọ. Lọ́la ni yóò sọ èyí níwájú àwọn olùyẹ̀wò.

“Ernest ní òǹkà kì í purọ́,” ni Tabitha wí. “Mo ní, Bọ̀ọ̀dá Oníṣirò, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó.”

Ernest wọlé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù tí a lọ̀ dáadáa. Ọmọ Iyamoye ni. Ó kí Ìnsípẹ́kítọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì sọ pé òun kọjá ní ojú fèrèsé lọ́sàn-án, òun rí Jọmílójú tí ń jẹun.

“Iṣu ni ó ń jẹ, ìyá. Ó tilẹ̀ ń lá ìka. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò pè mí jẹun. Àwọn olóko kan a máa da oògùn sí oko ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.”

“Ìwọ náà ti jẹ iṣu tuntun lọ́dún yìí?”

“Ó ti pẹ́ tí a ti jẹ ẹ́ nílé wa, ìyá.”

Rhoda jáde sínú kùrukùru, ó pe bàbá ọmọ náà, Ìbítóyè, lórí fóònù. Ó rọra tú ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sì béèrè bóyá iṣu máa ń bá ọmọ rẹ̀ lára mu. Bàbá Ìbítóyè kọ́kọ́ kí i bí wọ́n ti ń kíni ní ilẹ̀ wọn.

“Ókun o, ìyá,” ni ó wí. “Èmi ni mo ń kọ́kọ́ gé iṣu tuntun ní agboolé wa, n kò sì tíì gé e. Láti kékeré, kò sí ọmọ mi tí ń tọ́ iṣu tuntun wò kí n tó gé e, ebi ì báà pa á. Bí iṣu bá wà ní ẹnu rẹ̀, ẹlòmíràn ni ó fi í síbẹ̀.”

Rhoda padà sínú yàrá, ó pe àwọn méjèèjì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó pe dókítà, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì ní kí dókítà gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Jọmílójú.

Èémí Jọmílójú wọ inú yàrá náà. Ó fà, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Ó tún fà. Nínú àgò, àwọn eku kò mira mọ́.

“Ernest,” ni Rhoda wí, “o sọ fún mi pé o rí i tí ń jẹ iṣu. Kò jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ kò tíì gé iṣu, òun kò sì ní fi ẹnu kàn án. Ìwọ tí ẹ ti jẹ tiyín nílé, kò wá sí ọ lọ́kàn láti bi í. Ẹni tí ó fi epo ra á ní ètè nìkan ni ó lè sọ pé òun rí i tí ń lá ìka. Ó mu nǹkan nínú ife tí ó ní atalẹ̀, o sì fọ ife náà. Kí ni o fún un?”

“N kò fún un ní nǹkan kan.”

Èémí náà dúró. Wọ́n retí rẹ̀. Tabitha bo ojú rẹ̀. Nígbà tí ó tún fà, kò lágbára tó ti ìṣáájú.

“Dókítà ń gbọ́ wa,” ni Rhoda wí.

“Kùnú alátalẹ̀,” ni Ernest wí wẹ́rẹ́. “Mo po omi ẹ̀gẹ́ kíkorò mọ́ ọn. Mo ṣírò rẹ̀ sí ìwọ̀n ara rẹ̀, ìyá. Kí orí fọ́ ọ, kí ó má lè dé iwájú àwọn olùyẹ̀wò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó ṣubú ni mo wá iṣu yẹn.”

Wọ́n gbọ́ tí dókítà ń pàṣẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti ìró irin. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀wọ̀n ti wà lọ́wọ́ Ernest kí ohùn Olúbọ̀dé tó tún jáde nínú fóònù: Jọmílójú ti ń mí dáadáa, ó sì ti béèrè omi.

Tabitha bú sẹ́kún. Ernest kò tilẹ̀ wo fóònù náà. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń tún ìṣirò ṣe.

“Iye náà kò yẹ kí ó dá a dùbúlẹ̀,” ni ó wí. “Ibo ni mo ti ṣì í?”

Tabitha nu ojú rẹ̀, ó sì wò ó.

“Láti àná ni ó ti ń gbààwẹ̀. Kùnú rẹ ni ó fi ṣínu. Ara tí ebi ń pa kì í rí nǹkan fi bá oró jà, Ernest. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni o ṣírò. Ta ni ó sì sọ fún ọ pé àwọn abiyamọ yẹn ń jẹ àjẹyó?”