Ẹni Tó Jókòó Ti Bàbá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ ṣiyèméjì, kó máa ṣe é lọ. Ó ṣojú mi kòró. Mi ò mọ̀tàn án pa. Télọ̀ ni mí ní Addo Road, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo mọ̀.

Bàbá mi, Mikail káfíńtà, yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Awoyaya. Eegun ìbàdí wọn kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ọsibítù kan ní Igbó Ẹfọ̀n. Èmi nìkan lọmọ tó kù fún wọn, àwọn náà nìkan ni mo ní. Ìyá mi ti kú. Ọkọ mi ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká dárúkọ ẹni yẹn.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn, Tolúwani, wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n ṣọ́ra o, pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iyè àgbàlagbà lè dàrú fúngbà díẹ̀, kì í ṣe wèrè. Ó ní ìrora tí wọn ò bá sọ wà lára ohun tó ń fà á. Àìsùn náà wà níbẹ̀, àìríran náà wà níbẹ̀. Ó ní kí n máa ṣí kọ́tìnì lójúmọmọ, kí n máa sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ fún wọn, kí n sì lọ mú awò ojú wọn wá láti ilé.

Ọ̀rọ̀ awò rọrùn. Ti ìrora ni kò rọrùn. Nílé tiwa, àgbàlagbà kì í sọ lójú ọmọ pé nǹkan ń dun òun. Tí Tolúwani bá bi wọ́n bóyá ó ń dùn wọ́n, wọ́n á ní, "A dúpẹ́." Tí èmi náà bá bi wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fi wọ́n sílẹ̀, pé ara ti ń tù wọ́n. Ṣebí èmi ni mo mọ bàbá mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n wò mí, wọ́n rọra sún sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ káàbọ̀ mà," wọ́n ní. "Ta lẹ wá kí?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ojú tiwọn ò rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi Fàrídátù ni, èmi Àṣàbí yín. Wọ́n ní orúkọ náà dáa, pé ọmọ àwọn náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun. Mo jáde sí kọ́ridọ̀, mo sunkún níbẹ̀ lémi nìkan.

Mo gba Awoyaya lọ láti mú awò ọ̀hún. Bí mo ṣe débẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Omi bo títì, mọ́tò kankan ò kọjá. Mo pe ọsibítù títí, fóònù ò lọ. Inú yàrá bàbá mi ni mo sùn. Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo tó rí ọkọ̀ padà. Awò wà nínú báàgì mi, mo fi aṣọ wé e. Apá rẹ̀ kan ti kán tẹ́lẹ̀, òwú pupa ni mo fi dì í fún wọn.

Ọsibítù dákẹ́. Òjò ti dá, omi ṣì ń kán tó tó lórí páànù. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì wà ní ṣíṣí. Awò wà lójú wọn. Òwú pupa wà lápá rẹ̀.

Mo ti ọwọ́ bọ báàgì mi. Awò wà níbẹ̀.

Àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Mo fọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Tolúwani wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní mo gbìyànjú gan-an. Mo ní kí ni mo ṣe. Ó ní ṣebí èmi ni mo jókòó ti Bàbá láti àná, tí mo di ọwọ́ wọn mú, tí mo ń sọ ọjọ́ fún wọn títí wọ́n fi sùn.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, Àǹtí," ó ní. "Ẹ ní tí Bàbá bá sọ 'a dúpẹ́' lẹ́ẹ̀kan, ara tù wọ́n. Tí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ó ń dùn wọ́n nìyẹn. Ìgbà yẹn la máa ń fún wọn lóògùn."

Ọmọ wọn ni mí, mi ò mọ ìyẹn rí. Mo fẹ́ sọ pé Awoyaya ni mo sùn, mo kàn pa báàgì mi dé. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n owú tún ń jẹ mí.

Dókítà Olúwalóṣèyí wá yẹ̀ wọ́n wò. Ó bi wọ́n ní ọjọ́ tí òní jẹ́, wọ́n ní Jímọ̀. Ó bi wọ́n níbi tí wọ́n wà, wọ́n ní Igbó Ẹfọ̀n, pé eegun ìbàdí ló gbé àwọn wá. Wọ́n tiẹ̀ bú ẹni tó lẹ táìsì ibi àlùwàlá. Dókítà ní iyè wọn ti padà bọ̀ sípò pátápátá. Ó wá nawọ́ sí mi.

"Bàbá, ta lèyí?"

Bàbá mi wò mí dáadáa. Ojú wọn mọ́ kedere. Mo ń gbàdúrà nínú.

"Mi ò mọ̀ wọ́n," wọ́n ní. "Àṣàbí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Òun àtàwọn yìí fẹ́ẹ̀ kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà."

Mo sáré jáde. Kọ́ridọ̀ ṣófo. Mo bi Jàmíù tó ń ṣọ́ géètì. Ó ní òun rí mi tí mo padà wọlé lánàá nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, òun tún rí mi tí mo wọlé lónìí. Ó ní òun ò rí mi kí n jáde láàárín méjèèjì.

A ti padà sí Awoyaya báyìí. Bàbá mi ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n mọ gbogbo aládùúgbò lórúkọ. Èmi ni mò ń se oúnjẹ wọn, èmi ni mò ń fọṣọ wọn. Lọ́sàn-án míì, tí mo bá wà ní kíṣìnì, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní yàrá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń bá mi rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Mi ò kì í wọlé lọ wò.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsàrì, mo gbé omi fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ṣàdúrà fún mi.

"Ẹ ṣeun mà," wọ́n ní. "Ẹ tètè máa lọ sílé. Bàbá tó bí yín á ti máa wọ̀nà yín."