Ẹ̀yinná Tí Ìyá Dúró Fi Du Aládùúgbò Rẹ̀

Ní Elékò létí òkun, ní nǹkan bí ọdún 1983, obìnrin kan wà tó ń yan ẹja tà. Ìyá Dúró ni wọ́n ń pè é. Ẹja rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìfura ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀! Bí o bá kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, yóò máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí o fi ń rẹ́rìn-ín.

Ní àdúgbò wọn, ẹni tí iná ààrò rẹ̀ bá kọ́kọ́ jó láàárọ̀ ni í bu ẹ̀yinná fún àwọn yòókù. Lọ́jọ́ kan, Ọlákẹ́mi, aládùúgbò rẹ̀, gbé àpáàdì wá, ó bu iná lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, bí Ìyá Dúró ti ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọmú òsì.

Háà! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Ta ni ì bá ṣe é bí kò ṣe Ọlákẹ́mi? Láti ìgbà náà, bó bá ti rí i tó ń bọ̀, omi ni yóò dà sí ààrò. Ó ra ońdè lọ́wọ́ oníṣègùn, ó so ó mọ́ abẹ́ ọmú. Kókó náà kò gbọ́.

Ọlákẹ́mi ṣàkíyèsí pé ọwọ́ kan ni Ìyá Dúró fi ń gbé agbọ̀n ẹja. Ó lọ bá a nínú ilé.

"Ìyá Dúró, ẹ má bínú. Ṣé ọmú ló ń yọ yín lẹ́nu? Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Ta ló sọ fún ọ? Ẹni tó sin nǹkan ló mọ ibi tó sin ín sí! O fẹ́ kí wọ́n gé mi lọ́mú, kí o máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọlákẹ́mi kò jà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ká bùbá rẹ̀ sókè. Ọmú rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, àpá kékeré kan ló wà lára ọ̀kan.

"Èmi náà ní in rí. Kókó nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n wá fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán sí ibẹ̀ kó má baà padà. N kò lówó, ìjọ wa ló san owó rẹ̀. Wọn ó ran ẹ̀yin náà lọ́wọ́. Jésù ni kò jẹ́ kí n pa yín tì, bí ẹ tilẹ̀ ń da omi síná."

Ojú ti Ìyá Dúró gidigidi. Ó bú sẹ́kún. "Jésù, mo ti ṣẹ̀! Ẹni tó fẹ́ràn mi ni mo pè lájẹ̀ẹ́. Dárí jì mí, gba ọkàn mi là." Ó já ońdè, ó jù ú sínú ààrò.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọsibítù. Dókítà yọ kókó náà, ó fi ọmú sílẹ̀. Ó ní ká ní Ìyá Dúró fi falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ọmú náà ì bá bá kókó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Dúró tún dáná, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpáàdì ẹ̀yinná lọ sílé Ọlákẹ́mi.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ò ń fura sí Jésù. O rò pé bí o bá fi ara rẹ lé e lọ́wọ́, yóò gé gbogbo ayọ̀ rẹ dànù. Irọ́ ni! Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń pa ọ́ lọ ló fẹ́ yọ. Má fi falẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ, lónìí ni kí o ṣílẹ̀kùn fún un.