Níbi Tí Ilẹ̀ Ti Ń Kọlu Ilẹ̀

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná! Ẹ má tíì dà á!"

Fáṣínà tẹ bíréèkì. Òkúta tí típà rẹ̀ kó láti Abẹ́òkúta ló fẹ́ dà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Festac, lọ́dún 1978. Ọmọbìnrin kan wà lórí òkìtì àná, ó ń ṣa òkúta bí ẹni ń ṣa ìgbín.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, àǹtí?"

Ó fi ọ̀kan hàn án. Ìlà dúdú àti funfun ara rẹ̀ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀.

"Ilẹ̀ méjì ló kọlu ara wọn láyé ìgbà kan. Kò sáyè tí wọ́n lè yà sí, ni wọ́n bá wọ́ jọ. Ilẹ̀ ga sókè, ó sì nípọn nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà gbóná títí àpáta fi yọ́. Èyí tó yọ́ gòkè, ó tutù, ó di àpáta tuntun. Òjò wá fọ òkè náà lọ díẹ̀díẹ̀, ohun ìsàlẹ̀ sì yọjú. Òun lẹ rù wá yìí."

Fáṣínà kò gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ẹ̀bùnlọlá lorúkọ rẹ̀, ìmọ̀ nípa àpáta ló kọ́ ní yunifásítì.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ ń jẹ bọ̀ọ̀lì ní Agboju, tí ìfẹ́ sì kó wọn lọ.

Bàbá Ẹ̀bùnlọlá, ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, fárígá. "Ṣé torí awakọ̀ típà ni mo ṣe rán ọmọ mi lọ sí yunifásítì?"

Nígbà tí Ẹ̀bùnlọlá wá rí àyè láti kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Íńdíà, lẹ́bàá àwọn òkè ńlá níbi tí ilẹ̀ ṣì ti ń kọlu ilẹ̀, bàbá tún kọ̀. Ó ní obìnrin tí kò lọ́kọ kò ní máa gun òkè kiri láàárín ọkùnrin. Ẹ̀bùnlọlá sunkún títí ojú rẹ̀ wú.

Ara Fáṣínà kò gbà á. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Bí o bá fi í sílẹ̀, màá jẹ́ kó lọ."

Fáṣínà ní, "Mo gbà, sà."

Ó rò pé oore lòun ṣe.

"Olólùfẹ́ mi, torí ẹ ni," ló sọ fún Ẹ̀bùnlọlá.

"Torí mi? Ṣé o bi mí? Ìwọ àti bàbá mi jókòó, ẹ pín mi bí ẹran ọdún!" Ó tún ní, "Mo ti múra láti bá a jà nítorí rẹ. Mi ò mọ̀ pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ jọ̀wọ́ mi."

"Dárí jì mí, Bùnlọlá."

"Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ẹni tó lè fi mí ṣe pàṣípààrọ̀."

Lọ́jọ́ tó ń lọ, kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sin òun dé pápákọ̀ òfurufú. Fáṣínà dúró dè é lẹ́bàá ọ̀nà. Takisí tó gbé Ẹ̀bùnlọlá dúró. Ẹ̀bùnlọlá na ọwọ́ jáde, ó di ọwọ́ Fáṣínà mú gírígírí.

Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní kí awakọ̀ máa lọ.