Ẹ Jẹ́ Kó Parí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ọjọ́ tí Ganiyat kọ́kọ́ pàdé Ọláṣùpọ̀, kò rí i sójú rárá. Inú yàrá àyẹ̀wò kan nítòsí Gowon Estate ni Ganiyat wà, níbi tí wọ́n ti ń dán bátìrì sólà wò. Ó ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n ní kó máa lò. Ó tẹ̀ ẹ́ tì. Iná wà lára ẹ̀rọ, nọ́ńbà ń yí lójú rẹ̀, àmọ́ kò dá ọmọbìnrin náà lóhùn.

Fóònù rẹ̀ dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi Ọláṣùpọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ló ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ láti Ayọ̀bọ̀, mo sì rí i lórí kọ̀ǹpútà mi pé ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ń pàṣẹ fún un láti òkèèrè, kì í gbọ́ ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Mo ti ń tú u sílẹ̀ fún yín."

Ganiyat pè é kó lè bá a jà. Kò gbé e. Ó tún pè, kò gbé e.

"Agbéraga ni ṣá," ó wí fún ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pa wọ́n pọ̀. Ganiyat a to bátìrì, a fi wáyà so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ. Ọláṣùpọ̀ a jókòó ti kọ̀ǹpútà ní yàrá rẹ̀, a máa kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà: wọn èyí, sọ iye tó jẹ́ fún mi. Nígbà tó yá, ó ní òun á kọ́ Ganiyat náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọbìnrin yìí ò sì ní sùúrù. Bó bá bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè tí kò tètè dáhùn, á tún da òmíràn lé e. Àṣìṣe ni ẹ̀rọ á kọ sójú.

"Àmọ̀kẹ́," Ọláṣùpọ̀ kọ ọ́ sí i, nítorí ó ti bèèrè oríkì rẹ̀, "bí o bá ti bi í, dúró. Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò gbé ìdáhùn yẹn sọ nù ni."

Ganiyat ka àtẹ̀jíṣẹ́ yìí léraléra, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀rọ. Oríkì yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Ìfẹ́ ti wọlé, kò sì kan ilẹ̀kùn.

Wọ́n fi àdéhùn sí Ẹ̀gbẹ́dá, níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì kan. Ọmọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ tutù ló wá bá a. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó pa ojú dé, ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

"À... Àmọ̀kẹ́," ó wí níkẹyìn.

Akólòlò ni. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbé ìpè. Ìdí nìyẹn náà tó fi bèèrè oríkì, nítorí "Ganiyat" máa ń há a lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja. Kò tíì pè é já rí.

"O... ojú ń tì mí," ó ní.

Àánú rẹ̀ ṣe Ganiyat, ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù. "Mi ò níbi tí mò ń lọ, olólùfẹ́ mi," ó dá a lóhùn. "Máa sọ ọ́ bó ṣe rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Mo ń gbọ́."

Ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n ń ṣe, ilé wọn ò sì jìnnà síra. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló dí wọn lọ́nà. Bàbá Ganiyat, Alhaji Sàlàkọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ ní Dopemu, kì í fi nǹkan falẹ̀.

"Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Èmi kọ́ ni yóò jókòó dè é. Bí ìjà bá dé, ta ni yóò gbẹnu sọ fún ẹ? Kó wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ ẹ lójú ẹbí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò ní fẹ́ ẹ."

Lọ́jọ́ Sunday, Ọláṣùpọ̀ àti ìyá rẹ̀ dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbẹnu sọ fún un, Alhaji nawọ́ dá a dúró.

"Kí lo bá wá, ọmọ mi?"

"Mo... mo fẹ́ f... f..."

"O fẹ́ fún wa ní kí ni?" Alhaji bi í.

Ọláṣùpọ̀ mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Mo f... mo f..."

"Ó fẹ́ fẹ́ ọmọ yín ni jàre," Ìdíátù, àbúrò Alhaji, ló já lu ọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ ni mo bi?"

Òógùn ti bo ọmọkùnrin náà. Ganiyat mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí òun ti lè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi. Ẹ ti bi í, ìdáhùn ń bọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń bá a sọ ọ́, ẹ̀ ń dá a padà síbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Alhaji wò ó títí, ó sì pa ẹnu mọ́.

"Mo fẹ́... mo fẹ́ fẹ́ Àmọ̀kẹ́."

Ìyá Ọláṣùpọ̀ mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji mi orí. "Oríkì nìyẹn. Ojú èèyàn ni mo ti sọ ọmọ mi lórúkọ. Ojú èèyàn náà ni kí o ti fi orúkọ rẹ̀ tọrọ rẹ̀."

Ganiyat nìkan ló mọ bí ohun tí bàbá rẹ̀ ń bèèrè ti le tó.

Ọláṣùpọ̀ gbójú sókè, Ganiyat ló wò. "G..." Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "G... G..." Ìdíátù tún fẹ́ la ẹnu, Alhaji fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá níta, ariwo rẹ̀ lọ tán, ọmọkùnrin náà ṣì wà lórí orúkọ náà.

"Ga... Ganiyat."

Omijé bọ́ lójú Ganiyat. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe orúkọ yẹn mọ́ ọn, kò sì mọ̀ pé ó wúwo tó báyìí.

Alhaji ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

"Ẹ̀yin ẹbí mi," ó ní, "ẹni tó jìyà tó báyìí kó tó pe orúkọ ọmọ mi, kò ní fi ọmọ náà ṣeré." Ó fa Ọláṣùpọ̀ dìde nílẹ̀. "Jókòó, àna mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́."