Mọ́nítọ̀ Tí Hafeez Yàn fún Bàbá Rẹ̀

“Ta ló máa máa wò ó?” ni Múdàṣírù béèrè. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣàn tí Hafeez àti bàbá rẹ̀ wọ̀ ní Òṣòdì.

“Èmi ni,” ni Bàbá Bàṣírátù dáhùn. “Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Iṣẹ́ dírẹ́bà ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí n má wakọ̀ mọ́, ilé ni mo máa ń wà látàárọ̀ báyìí. Bàṣírátù, ọmọ mi tó wà nílé ọkọ, ló ní kí n wá ra tẹlifíṣàn tó tóbi, kí n lè máa fi wo bọ́ọ̀lù àti wáàsí.”

Múdàṣírù nawọ́ sí tẹlifíṣàn ńlá kan tó wà lára ògiri. “Èyí ló dáa fún yín. Ibi yòówù tí ẹ bá jókòó sí nínú pálọ̀, ẹ máa rí i. Ohùn ẹ̀ náà sì ròkè.”

Hafeez, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tẹlifíṣàn ńlá yẹn ló ń wò. Mọ́nítọ̀ kan tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù ló gbajú mọ́. Kò tóbi, kò sì ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ yára bí ìṣẹ́jú ojú. Irú rẹ̀ gan-an ni Kọ́láolúwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní nílé wọn ní Ire-Akari.

Géèmù ìbọn ni Hafeez àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kálukú á wà nílé tirẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ ohùn ara wọn létí, wọ́n á sì jọ dojú kọ ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ìyá Hafeez tó ń gbé lókè òkun ló fún un ní ẹ̀rọ géèmù náà nígbà tó ra tuntun. Tẹlifíṣàn ògbólógbòó tó wà nílé ni Hafeez fi ń gbá a, àwòrán tẹlifíṣàn ọ̀hún sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Kí Hafeez tó rí ọ̀tá, ọ̀tá á ti yìnbọn lù ú. Nígbà tó yá, Ọdúnayọ̀, tó jẹ́ olórí wọn, sọ ọ́ fún un láìfi bò: “Hafeez, tó bá jẹ́ báyìí ni wàá ṣe máa kú ṣáá, a máa fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ.” Kò pẹ́ sígbà náà ni tẹlifíṣàn ọ̀hún bàjẹ́ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ Ọdúnayọ̀ yìí ló wà lọ́kàn Hafeez nígbà tó yíjú sí bàbá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá, ìmọ́lẹ̀ èyí tó tóbi yẹn ti pọ̀ jù. Ó lè dá kún ojú tó ń dùn yín. Kékeré tó wà lọ́hùn-ún yẹn ló dáa fún yín, àwòrán ẹ̀ mọ́ jù ú lọ.”

Múdàṣírù wò ó. “Àbúrò, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Mọ́nítọ̀ tí wọ́n fi ń gbá géèmù nìyẹn. Kò ní sípíkà nínú.”

“A ní sípíkà nílé,” ni Hafeez dáhùn kíákíá.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Àwa àgbà ò mọ nǹkan wọ̀nyí bíi tàwọn ọmọ òde òní. Ọmọ mi yìí mọ̀ ọ́n dáadáa, kò ní ṣì mí lọ́nà. Èyí tó bá ní ká rà ni kí ẹ bá wa dì.”

Múdàṣírù wo Hafeez lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fa páálí jáde. Bó ṣe ń di mọ́nítọ̀ náà sínú páálí, ilẹ̀ ni Hafeez ń wò.

Nígbà tí wọ́n délé ní Àìlẹ́gùn, ìyá rẹ̀ wo páálí náà yípo. “Ṣé kékeré yìí náà lẹ wá lọ rà?”

“Ọmọ ẹ ló mọ̀ ọ́n,” ni bàbá sọ. “Ó ní èyí ló bá ojú mi mu.”

Ibì kan ṣoṣo ni mọ́nítọ̀ náà ní tí wọ́n lè ki wáyà àwòrán bọ̀. Bí Hafeez bá fẹ́ gbá géèmù, á yọ wáyà dìkódà tó ń gbé bọ́ọ̀lù àti wáàsí wọlé kúrò, á ki ti géèmù síbẹ̀. Bó bá ṣetán, á dá ti dìkódà padà. Sípíkà kékeré tí wọ́n ń lò, ara dìkódà fúnra rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, torí náà ohùn lè máa jáde kí àwòrán má sí rárá.

Bàbá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mọ́nítọ̀ náà títí tí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. “Àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí wá dà bí èèrà,” ó sọ lọ́jọ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Hafeez náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀.

Nínú géèmù, nǹkan yí padà. Hafeez ló ń kọ́kọ́ rí ọ̀tá báyìí, òun ló sì ń kọ́kọ́ yìnbọn. “Ojú ẹ ti là,” ni Ọdúnayọ̀ sọ fún un, inú Hafeez sì dùn débi pé kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìdíje tí wọ́n fẹ́ bá àwọn ọmọ Máfolúkù ṣe. Ní gbogbo àárọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ síbi tó ti ń ta bàtà ọmọdé ní Apákun, tí Fàthíà àbúrò rẹ̀ náà sì ti lọ sí ilé-kéú, ìdí géèmù ni Hafeez máa ń wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fi géèmù sílẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi fóònù bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jíròrò. Kò rántí dá wáyà dìkódà padà. Bàbá wọ pálọ̀, ó tan dìkódà, ohùn ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù sì jáde látinú sípíkà.

“Hafeez,” ni bàbá pè. “Ṣé àwòrán wà lójú ẹ̀?”

Hafeez ò gbójú sókè kúrò lára fóònù rẹ̀. “Ó wà níbẹ̀, Bàbá.”

Bàbá fi ọwọ́ ra ojú, ó tún wo mọ́nítọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ó dáa.”

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ọ̀sán ni wáyà géèmù fi wà níbẹ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń ti ọjà bọ̀ nírọ̀lẹ́ ni Hafeez tó máa ń sáré dá ti dìkódà padà, bàbá á sì ti lọ sí mọ́sáláṣí nígbà yẹn, kì í sì í wò ó mọ́ lálẹ́ tó bá dé. Bàbá ò béèrè nǹkan kan mọ́. Á wọlé lọ́sàn-án, á tan dìkódà, á jókòó síwájú mọ́nítọ̀ tó ṣókùnkùn, á sì máa gbọ́ ọ.

Fàthíà sọ fún Hafeez lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí Bàbá kí wọ́n kán oògùn tí dókítà fún wọn sójú mọ́.”

“Bóyá ó ti tán ni,” ni Hafeez dáhùn. Kò lọ wádìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje náà, Kọ́láolúwa àti Ọdúnayọ̀ wá sí Àìlẹ́gùn kí Hafeez nílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ rí mọ́nítọ̀ tí Hafeez ti yìn fún wọn. Bàbá ni wọ́n bá nínú pálọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó fojú sún mọ́ mọ́nítọ̀ náà. Ohùn bọ́ọ̀lù ń lọ geere, àwọn èrò pápá ń hó, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ náà dúdú kirimú.

Àwọn ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí i. Kọ́láolúwa wo mọ́nítọ̀, ó wo Hafeez, ó tún wo mọ́nítọ̀. Ó rò pé ìrànlọ́wọ́ lòun fẹ́ ṣe. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n bá yín tún un ṣe? Òkùnkùn lẹ jókòó tì.”

Bàbá yíjú síbi tí ohùn náà ti wá. “Kò sí àwòrán lójú ẹ̀ ni?”

“Kò sí, sà. Wáyà géèmù ló wà níbẹ̀.”

Bàbá na ọwọ́, ó fi pa ojú mọ́nítọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù. “Mo rò pé ojú mi ni,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Mò ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mò ń rí òjìji èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò rí bọ́ọ̀lù. Mo ní ó ti tán nìyẹn.”

Ọdúnayọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ wáyà kan, ó ki èkejì bọ̀ ọ́. Pápá bọ́ọ̀lù yọ sójú mọ́nítọ̀.

“Mo rí i,” ni bàbá wí. “Ewéko pápá rèé.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Nígbà tó yá ló wá sọ pé, “Hafeez, mo bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ yẹn. O ní ó wà níbẹ̀.”

Ojú ọ̀rẹ́ Hafeez méjèèjì wà lára rẹ̀, kò sì sí ibi tó lè gbé ojú tirẹ̀ sí.

Àwọn ọ̀rẹ́ náà ò jókòó. Hafeez sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ni Kọ́láolúwa ti yíjú sí i. “O sọ fún wa pé ìwọ ni wọ́n ra mọ́nítọ̀ yẹn fún,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tí Hafeez padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀. “Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín ní ṣọ́ọ̀bù. Tẹlifíṣàn ńlá yẹn ló dáa fún yín. Torí géèmù ni mo ṣe ní ká ra èyí.”

Bàbá ò pariwo. “Ẹni tó tà á fún wa, ṣé ó mọ̀?”

“Ó mọ̀, sà.”

“Ó mọ̀ pé ọmọ mi ń tàn mí, èmi sì dúró níwájú ẹ̀, mò ń yìn ọ́.” Bàbá mi orí. “Dìde. Lọ fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ti ní kó má ra oògùn ojú fún mi mọ́, pé ojú tó ti fọ́ ò nílò oògùn. Mi ò kán an mọ́ láti ọjọ́ tí mo bi ọ́ léèrè yẹn.”

Hafeez dìde, ó sì pe Bàṣírátù.

Lọ́jọ́ kejì, Bàṣírátù gbé bàbá wọn lọ sí ọsibítù, Hafeez sì tẹ̀ lé wọn. Dókítà yẹ ojú náà wò fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ojú ọ̀tún ṣì dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n ti òsì ti burú sí i ní àsìkò tí wọn ò kán oògùn yẹn. Ó ní èyí tó ti lọ ò lè padà wá mọ́, pé èyí tó kù ni kí wọ́n máa tọ́jú.

Nígbà tí wọ́n jáde, Bàṣírátù fa Hafeez sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Hafeez ti ń retí ìfọ́tí, ṣùgbọ́n kò gbá a. “Tó o bá sọ fún mi pé o fẹ́ mọ́nítọ̀, màá ní kó o ní sùúrù, màá sì wá ọgbọ́n dá sí i,” ó ní. “Nínú gbogbo wa, ẹni tí kò ríran lo wá lọ yàn láti rẹ́ jẹ.” Hafeez sunkún, àwọn tó ń kọjá sì ń wò ó.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé mọ́nítọ̀ náà padà sọ́dọ̀ Múdàṣírù. Níwọ̀n bí wọ́n ti lò ó, Múdàṣírù ò lè fi tẹlifíṣàn ńlá rọ́pò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Hafeez ti mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ látinú báàgì, ó gbé e lé orí káńtà láti fi dí owó tó kù. Múdàṣírù wo ẹ̀rọ náà, ó wo ojú ọmọ náà tó wú fún ẹkún.

“Ṣé bàbá ẹ ti wá mọ̀?” ó béèrè.

“Wọ́n ti mọ̀, sà.”

“Èmi náà ì bá ti sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn,” ni Múdàṣírù sọ, ó sì lọ yọ tẹlifíṣàn náà lára ògiri.

Ẹgbẹ́ Ọdúnayọ̀ fi ẹlòmíràn rọ́pò Hafeez. Ìyẹn ò dùn ún tó bó ṣe rò. Ohun tó ń dùn ún ni pé bàbá rẹ̀, tó ti sọ pé òun ti forí jì í, kì í rán an níṣẹ́ ojú mọ́. “Fàthíà, wá bá mi ka èyí. Fàthíà, wá bá mi kán oògùn. Fàthíà, ta ló ń kọjá lọ yẹn?” Bí Hafeez bá gbọ́ ọ, á rọra kúrò nínú pálọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Fàthíà ò sí nílé. Àsìkò ìrun ti tó, bàbá sì ti wọ jàlàbíà rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hafeez dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun sọ̀rọ̀. Bàbá dúró títí, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó wá èjìká ọmọ rẹ̀, ó sì dì í mú.

Wọ́n jáde. Hafeez rọra ń rìn. “Gọ́tà rèé, Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ ga. Ọ̀kadà ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká dúró ná. Ilẹ̀ ń yọ̀ níbí o.” Ohun tó bá wà níbẹ̀ gan-an ló ń sọ, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Bó ṣe ń rìn ló yé e pé ẹni tó bá fọkàn tán wa ti fi ojú rẹ̀ sí wa lọ́wọ́, àti pé bí a bá fi tàn án jẹ, àforíjì lè tètè dé, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé kì í bá a dé lọ́jọ́ kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa padà, ó sì di dandan kí ẹni tó bà á jẹ́ máa sọ òótọ́ lójoojúmọ́, yálà wọ́n gbà á gbọ́ tàbí wọn ò gbà á.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, bàbá ò tètè yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní èjìká Hafeez.